Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Bí A Ó Ṣe Kúrò Nídìí Oògùn Eegun Kí A Tó Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti ṣe àsàlátù ọjọ́ Àìkú tó kọjá ní Kubwa níbí, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Bí a ti parí àdúà, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀tsáàpù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní oògùn tí àwọn dókítà ń fún àwọn àgbà obìnrin nítorí àìsàn tó ń mú kí eegun fúyẹ́ máa ń jẹ eegun àgbọ̀n run, pé eyín á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé kí ẹni tó bá ti ń lò ó dà á nù lójú ẹsẹ̀. Àwa mẹ́ta ni mo mọ̀ pé a ń lo oògùn náà nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ṣí báàgì rẹ̀ níwájú mi, ó yọ páálí oògùn tirẹ̀, hóró méjì ló kù nínú rẹ̀, ó sì jù ú sínú ike tí a ń kó èèpo ọsàn sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú un padà, kò dá mi lóhùn.

N kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìjọba kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé èmi náà wá, n kò sì tí ì padà sí Ìlọrin láti gbé láti ìgbà náà. Ẹni ọdún 66 ni mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìyà ló kọ́ mi ní apá kan rẹ̀. Dókítà kan àti apòògùn kan tí wọ́n fi sùúrù dá gbogbo ìbéèrè mi lóhùn ló kọ́ mi ní apá kejì.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, mo sì fi ọwọ́ òsì gbara lé ilẹ̀. Irú ìṣubú tí ọmọdé máa ń ṣubú tí á dìde tí á tún máa sáré lọ ni, síbẹ̀ ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ teegunteegun, ọmọ mi kọ̀, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí mi lẹ́yìn tí wọ́n ti di ọwọ́ náà béèrè àwọn nǹkan tí n kò retí. Ó béèrè bóyá mo ti ga ju báyìí lọ rí, ọdún wo ni nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, bóyá mo ti lo oògùn bíi prednisolone, tó máa ń mú kí eegun fúyẹ́, fún ìgbà pípẹ́ rí, àti bóyá ẹ̀yìn ìyá mi tẹ̀ kí ó tó kú. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló mú mi dákẹ́. Ní ọdún bíi mẹ́fà tí ìyá mi lò kẹ́yìn láyé, ìró tó máa ń mọ ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, gbogbo wa la sì máa ń sọ fún un pé, "Màmá, ẹ ká ìró yín sókè, kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." A kò mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kúrú. Àwọn eegun kéékèèké inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ló ń rún lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè ohun tó fà á.

Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán eegun tí wọ́n ń pè ní DXA, èyí tí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n máa ń fi eegun ẹni wé ti ọ̀dọ́ obìnrin tí ara rẹ̀ le; bí nọ́ńbà tó jáde bá ṣe lọ sílẹ̀ sábẹ́ òdo tó ni eegun ṣe fúyẹ́ tó. Láti ọdún 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà ní -2.5 tàbí tó tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní osteoporosis. Tèmi jẹ́ -3.1 ní ọ̀pá ẹ̀yìn.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń pe àìsàn yìí ní làkúrègbé mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Làkúrègbé máa ń dun ni, ó sì máa ń jẹ́ kí oríkèé wú. Osteoporosis kì í dun ènìyàn rárá títí di ọjọ́ tí eegun bá ṣẹ́. Eegun wa kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú rẹ̀ ń wó ibi tó ti gbó, tí àwọn mìíràn sì ń mọ tuntun sí ojú ibẹ̀, bí birikilà ṣe ń tún ilé àtijọ́ ṣe. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, tí èròjà estrogen sì ti dín kù lára obìnrin, àwọn tó ń wó máa ń yára ju àwọn tó ń mọ lọ, ilé náà á sì máa fúyẹ́ láti inú. Àwọn dókítà kan pàápàá máa ń sọ fún àwa obìnrin dúdú pé àìsàn òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé eegun àwọn aláwọ̀ funfun máa ń tètè ṣẹ́ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kí ó wọ́pọ̀ lára ẹlòmíràn kò ní kí ó má wà lára wa. Ọrùn ọwọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ eegun àgbọ̀n. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí Wọ́ọ̀tsáàpù yẹn kò parọ́ pátápátá, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ léwu gan-an nìyẹn. Lóòótọ́ ni àwọn oògùn bíi alendronate, risedronate, zoledronic acid àti denosumab lè mú kí apá kan nínú eegun àgbọ̀n kú, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín. Ṣùgbọ́n kò sọ iye ènìyàn tó ń ṣe. Lára àwọn tó ń lo oògùn oníhóró nítorí osteoporosis, ìṣirò àwọn onímọ̀ wà láàárín ẹnì kan nínú 10,000 sí ẹnì kan nínú 100,000 lọ́dún. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rí ìyọnu náà ni àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gba irú oògùn yìí sínú iṣan, ní ìwọ̀n tó ga ju tiwa lọ fíìfíì.

Kí ẹ wá gbé ohun tí oògùn náà ń dá dúró sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ní ọdún 1996 ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí alendronate. Obìnrin 2,027 ló kópa nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni eegun ẹ̀yìn wọn sì ti rún rí. Nígbà tí ọdún bíi mẹ́ta fi kọjá, eegun ẹ̀yìn mìíràn ti rún lára 15 nínú 100 àwọn tí kò gba oògùn gidi, ṣùgbọ́n lára àwọn tó gbà á, 8 nínú 100 ni. Eegun ìgbáròkó ṣẹ́ lára nǹkan bí 22 nínú ẹgbẹ̀rún ní ọwọ́ kan, àti 11 nínú ẹgbẹ̀rún ní ọwọ́ kejì. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà tí eegun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún irú wọn ni kì í lo ọdún kan sí i láyé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù kì í sì í lè dá rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tó yẹ kí ìbẹ̀rù àgbọ̀n mú wa ṣe ni pé kí a lọ rí dókítà eyín kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Wọ́n yọ eyín méjì tó ti kẹ̀ lẹ́nu mi, mo dúró títí ojú rẹ̀ fi jinná, lẹ́yìn náà ni mo gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láti ìgbà náà, orúkọ oògùn mi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ kí n tó la ẹnu.

Ìyà tí oògùn náà fi jẹ mí ní tèmi, ọ̀nà ọ̀fun ló ti wá, èmi ni mo sì fà á. Alendronate oníwọ̀n 70 mílígíráàmù ni mò ń lò, hóró kan lọ́sẹ̀. Nínú Ramadan àkọ́kọ́ tó bá mi lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ sààrì tán ni mò ń fi omi díẹ̀ gbé e mì kí ìrun tó pè, lẹ́yìn ìrun mo tún ń padà lọ dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àyà mi ń jó bí ẹni pé mo gbé ẹyin iná mì, itọ́ lásán kò ṣeé gbé mì. Mo fẹ́ dá oògùn náà dúró pátápátá. Apòògùn tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń lò ó, ó sì mi orí. Ó sọ fún mi pé ikùn òfìfo ni wọ́n ń lò ó sí, lẹ́yìn tí a bá jí, pẹ̀lú odidi ife omi lásán, tí kì í ṣe tíì, wàrà tàbí kúnú. Pé kí a má jẹ ohunkóhun fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a má sì dùbúlẹ̀ títí a ó fi jẹun, nítorí bí hóró náà bá há sí ọ̀nà ọ̀fun tàbí tó padà gòkè wá, ó máa ń bó ibẹ̀ ni. Bí a bá sì jẹun kí a tó lò ó, díẹ̀ báyìí tó yẹ kó wọ ara kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ó túmọ̀ sí pé mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jìyà lásán.

Lẹ́yìn tí dókítà ti wò mí tí ọ̀nà ọ̀fun mi sì ti jinná, mo padà sí i. Nínú Ramadan báyìí, ní òru ọjọ́ oògùn mi, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ń jí. Mo máa ń gbé e mì lórí ìdúró, màá gbé ọbẹ̀ kaná, màá jí àwọn ọmọ, màá to àwo sórí tábìlì, nígbà tí a bá sì fi jókòó ti sààrì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti kọjá dáadáa. Àyà mi kò jó mọ́ láti ìgbà náà. Oògùn kálísíọ́mù tí wọ́n fún mi mọ́ ọn, alẹ́ ni mo ń lò ó, nítorí àwọn méjèèjì kì í wọ ikùn pọ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó sọ pé oògùn náà kò bá òun lára mu ni kò sí ẹni tó jókòó tì, kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún un.

Ìpalára kan tún wà tí ohùn orí Wọ́ọ̀tsáàpù yẹn kò mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń lo oògùn yìí pẹ́ máa ṣọ́. Àwọn tó ń wó eegun ni oògùn yìí ń dá dúró. Bí a bá dá wọn dúró fún ọdún púpọ̀, àtúnṣe eegun náà á dín kù, eegun itan sì lè ṣẹ́ gbọnrangandan láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti èkejì, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Lọ́dọ̀ àwọn tó ti lò ó pẹ́, ó lè tó nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́dún, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró. Ó sábà máa ń kìlọ̀ ṣáájú: itan tàbí ibi tí itan ti pàdé ìbàdí á máa dunni fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹni tó bá ń lo oògùn yìí tí itan rẹ̀ bá ń dùn ún kò gbọ́dọ̀ máa fi òróró pa á kí ó sì máa sọ pé ọjọ́ orí ni. Kí ó lọ ya fọ́tò itan méjèèjì.

Nítorí èyí ni àwọn dókítà ṣe máa ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún fún oògùn oníhóró. Alendronate máa ń wọ inú eegun, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé ẹni tó dá a dúró ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006 tẹ̀ lé obìnrin 1,099 tó ti lò ó fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Apá kan dáwọ́ dúró, apá kejì lò ó fún ọdún márùn-ún sí i. Ní àpapọ̀, eegun tó ṣẹ́ lára wọn, yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn tó rún débi pé ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà jẹ́ 5 nínú 100 lára àwọn tó dáwọ́ dúró, ó sì jẹ́ 2 nínú 100 lára àwọn tó ń bá a lọ. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá ti gbà dáadáa lè sinmi. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún rí tàbí tí ìwọ̀n ìgbáròkó rẹ̀ ṣì kéré gan-an, kí ó má yára sinmi. Ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti dókítà rẹ̀ ni.

Fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gba hóró, zoledronic acid wà, èyí tí wọ́n ń fà sínú iṣan bíi dírípù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó lágbára: nínú ìwádìí ọdún 2007, eegun ẹ̀yìn rún lára nǹkan bí 11 nínú 100 àwọn tí kò gbà á láàárín ọdún mẹ́ta, ó sì rún lára 3 nínú 100 àwọn tó gbà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ kídìnrín wò kí wọ́n tó fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ yìí sì kan alendronate náà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ba kídìnrín ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ láìmọ̀. Ohun kan tó yẹ kí àwa tí a wà lókè Ọya níbí mọ̀ ni pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ara rẹ̀ máa ń gbóná, tí gbogbo oríkèé á máa ro ó, láàárín ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn dírípù àkọ́kọ́. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Nyanya, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà fún un fún ọjọ́ márùn-ún. Dírípù ni, parasítámọ́ọ̀lù ìbá sì ti tó. Kò gbà á mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni, wọn ì bá tí já a gbà lọ́wọ́ oògùn tó wúlò fún un.

Ọ̀rọ̀ denosumab ló gbé mi dìde láti kọ lẹ́tà yìí ju ohunkóhun lọ. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ni, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kò ní kí a jí lóru, kò ń jó àyà, ó sì ṣeé lò fún ọ̀pọ̀ ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò dára tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fa kí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lọ́nà tó léwu lára àwọn tí kídìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ènìyàn ni pé kì í dúró nínú eegun bíi alendronate. Nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà bá tán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gbogbo àwọn tó ń wó eegun, tí ó ti so mọ́lẹ̀, á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa fi ìkánjú wó ohun tí wọn kò rí wó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró láìfi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ lè pàdánù gbogbo ohun tó jèrè láàárín ọdún kan sí méjì, eegun ẹ̀yìn méjì tàbí mẹ́ta sì lè rún lẹ́sẹ̀ kan náà.

Mo ní aládùúgbò kan tó kó lọ sí Gwarinpa, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń fi owó abẹ́rẹ́ yìí ránṣẹ́. Ó gba mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà já wálẹ̀, owó abẹ́rẹ́ karùn-ún ju ìlọ́po méjì ti ìṣáájú lọ. Ó béèrè ní ilé ìwòsàn aládàáni tó ti ń gbà á bóyá òun lè sinmi, wọ́n sì dá a lóhùn pé kò sí wàhálà, pé eegun rẹ̀ ti le. Kò sí ẹni tó dárúkọ oògùn tí ó yẹ kí ó fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ó tẹ̀ láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí kò kún dé ìdajì, ó sì gbọ́ tí nǹkan rún lẹ́yìn rẹ̀. Eegun mẹ́ta ni. Nígbà tí mo lọ kí i, orí àga ni ó ti ń kírun, ife tíì rẹ̀ wà lórí tábìlì tí kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ó sì ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nawọ́ mú un." Obìnrin tó máa ń gun òkè ilé alájà mẹ́ta kí lífítì tó dé nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Hóró alendronate tí kò wọ́n tó abẹ́rẹ́ náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ fún un ní oṣù kẹfà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ìbá ti gba púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná sì tún wà. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá jáde síta, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní níbi tí ooru kò ti ju 25 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja mọ bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ṣe rí. Mo bá ẹnì kan lọ ra tirẹ̀ ní kẹ́míìsì kan nínú oṣù Kẹta, iná ti lọ láti òwúrọ̀, wọn kò tan jẹnẹrétọ̀, mo sì fọwọ́ kan páálí náà bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A kò rà á. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìgbèríko Suleja tàbí Lafia ńkọ́, tó ń fi mọ́tò gbé e lọ fún wákàtí mélòó?

N kò sọ pé oògùn burúkú ni denosumab. Àwọn kan wà tí òun ló dára jù fún. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ṣeé fi sílẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú, kí ó ka owó rẹ̀ sí ti ọdún púpọ̀, kí ó sì mọ oògùn tí yóò bọ́ sí lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ jáde.

Àwọn oògùn tó kù kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí wọn. Teriparatide ń ran àwọn tó ń mọ eegun lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún ọdún méjì sì ni, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi oògùn mìíràn tẹ̀ lé kí ohun tó mọ má baà wó padà. Romosozumab jẹ́ ti ọdún kan, kò sì yẹ fún ẹni tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ṣe láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Raloxifene ń dáàbò bo eegun ẹ̀yìn, kì í ṣe ti ìgbáròkó, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí ooru ara ń yọ lẹ́nu, oògùn estrogen lè bá eegun rẹ̀ ṣe. Ìwádìí ńlá ọdún 2002 ní Amẹ́ríkà ló fi hàn pé bí wọ́n bá pò ó mọ́ progestin, èròjà obìnrin mìíràn, ewu jẹjẹrẹ ọyàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ń sọ pé oúnjẹ tó fún àwọn. Mo fẹ́ràn oúnjẹ wa: wàrà, nono lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun, àti ewé osè tí àwọn Hausa ń pè ní kuka, tí àwa ará Ìlọrin ń fi se ọbẹ̀ lúúrú, kálísíọ́mù wà nínú wọn. Ó tún yẹ kí àwa tí a ń bo gbogbo ara wa tí a sì ń jókòó sínú ilé wá àyè nínú àgbàlá láti yá oòrùn, nítorí fítámì D. Ṣùgbọ́n ẹni tí eegun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́, oúnjẹ nìkan kò lè dí ihò náà. Oògùn kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn dókítà wa ni pé kí wọ́n kọ ọjọ́ ìdáwọ́dúró sínú káàdì wa lọ́jọ́ náà gan-an tí wọ́n bá kọ oògùn náà. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ọdún tí a ó tún un gbé yẹ̀wò, àti ohun tí a ó ṣe bí owó bá tán tàbí bí oògùn bá wọ́n lọ́jà. Ilé iṣẹ́ apòògùn GlaxoSmithKline kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. A ti rí i pé oògùn tó wà lónìí lè má sí lọ́la. Àìsàn tí a ó máa bá gbé títí ni, kò yẹ kí a máa bá a lò bí ẹni pé ibà ọjọ́ mẹ́ta ni.

Ọdún márùn-ún tèmi yóò pé ní oṣù tó ń bọ̀. Dókítà mi ti ní kí n lọ tún àwòrán DXA yà. Bí ìwọ̀n ìgbáròkó mi bá ti kúrò nínú ewu, n ó sinmi fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò sì máa yẹ̀ mí wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá máa gbé e lọ, màá sì máa ṣọ́ itan mi.

Ní ti ẹni tó ju hóró méjì sínú èèpo ọsàn, mo pè é lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tún pè é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti gbà kí a jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun kò ṣèlérí pé òun á padà sí i. Mo ní kò burú, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ iye tó wà níbẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó tó pinnu.

Òǹkàwé yín láti Kubwa, Abuja.